Gọ́ọ̀mù Lábẹ́ Ilé Kékeré

Mo fẹ́ gbé ilé kékeré náà kúrò lórí pátákó kí n lè nu eruku ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣí. Mo tún fà á. Òórùn gọ́ọ̀mù gba imú mi. Mo bẹ̀rẹ̀ wo ìdí rẹ̀, gọ́ọ̀mù ti gan yí i ká. Mo fi ìbínú kígbe:

"Kò-Sí-Wàhálà!"

Orúkọ tí gbogbo kíláàsì ń pe ọmọkùnrin tí a jọ kọ́ ilé kékeré náà nìyẹn, torí kò sí ohun tí o bẹ̀ ẹ́ tí kò ní dáhùn pé kò sí wàhálà. Ó yọjú láti ẹ̀yìn àga, bisikíìtì kún ẹnu rẹ̀.

"Ta ló lẹ ilé yìí mọ́lẹ̀?"

"Èmi ni. Kò sí wàhálà. Àwọn adájọ́ ò ní rí i."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a ń ṣe níbi ìdíje yìí, kí ẹ lè bá mi bínú dáadáa. Ẹ̀rọ kan ń mi tábìlì bí ìgbà tí ilẹ̀ bá ń mì tìtì, ilé tí kò bá wó lórí rẹ̀ ló máa borí. Níwájú ilé kékeré wa, a ri àwọn ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ inú yanrìn orí pátákó, irin róbótó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti ti ọmọdé lórí jangirọ́fà mọ̀ pé bí o bá tì í lásìkò tó yẹ, á fò lọ sókè. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ṣe ní ìwọ̀n mímì tirẹ̀. Bí mímì ilẹ̀ bá bá tirẹ̀ mu, òun ni yóò gba agbára náà, yóò máa jó, ilé ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì sinmi. Ọ̀pá gígùn wà fún mímì tó rọra, kúkúrú wà fún èyí tó yára. Nítorí náà, wọn kò gbọdọ̀ dọ́gba rárá.

Ọjọ́ tí mo gbé màmá mi lọ sí ilé ìwòsàn ni Kò-Sí-Wàhálà ní òun á gé wọn. Mo wá wò wọ́n báyìí. Gbogbo wọn ló gùn, wọ́n dọ́gba bí eyín òòyà.

"Kí ló dé tí o gé wọn bákan náà?"

"Ó rẹwà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo dán an wò tí ilé wó, mo bá lẹ̀ ẹ́. Jọ̀ọ́, má pariwo. Bí a bá gbégbá orókè, ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ máa gbà wá wọlé. Ṣé o ò fẹ́ ni?"

Mo fẹ́. Mo fẹ́ ẹ débi pé mo ń lá àlá rẹ̀. Mo yọwọ́ kúrò lára ilé náà.

"Ṣé o rí i," ó ní. "Ta ló máa kú sí i?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bà á jẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mì ládùúgbò wa, òpó ilé wa ṣẹ́, ó wó lé màmá mi lẹ́sẹ̀. Irin bíńtín ni ẹni tó kọ́ ọ fi sínú òpó náà, ó wá rẹ́ ẹ dán gbinrin. Ó dájú pé òun náà sọ pé kò sẹ́ni tó máa rí i.

Obìnrin ẹnjinníà tó jẹ́ olórí àwọn adájọ́ wọlé. "Ẹ̀yin ló kàn."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dúró díẹ̀." Mo mú ọ̀bẹ, mo ha gọ́ọ̀mù náà kúrò títí ilé fi ṣí. "A lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni, mà. A sì ṣi àwọn ọ̀pá gé, bákan náà ni gbogbo wọn."

Kò-Sí-Wàhálà wò mí bí ẹni pé kí ó gbé mi mì. Ẹnjinníà tan ẹ̀rọ. Tábìlì ń mì pẹ̀lẹ́, àwọn ọ̀pá ń jó, ilé dúró. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ó mú un yára sí i. Àwọn ọ̀pá kò mọ ijó yẹn. Ilé fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, ó wó, òrùlé rẹ̀ sì yí lọ síbi ẹsẹ̀ tíṣà wa. Ẹ̀rín sọ.

Àwọn ẹlòmíì ló gba ẹ̀bùn.

"Inú ẹ ti dùn báyìí?" Kò-Sí-Wàhálà ń pariwo lé mi lórí níta. "O ti ba tèmi jẹ́!"

"Ìwọ lo bà á jẹ́! Ọ̀lẹ tí ò lè gé irin!"

Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Kí a tó dé ẹnu géètì, kíláàsì ti sọ mí ní Awólé. Mo ń ta òkúta nípàá títí mo fi délé.

Màmá mi na ẹsẹ̀ sórí àpótí. "Ilé yín ńkọ́? Ṣé ó dúró?"

"Ó wó, Màámi. Èmi ni mo jẹ́ kó wó." Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn.

Wọ́n ń fọwọ́ pa orúnkún wọn. "Ká ní ẹni tó kọ́ ilé wa ti jẹ́ kí tiẹ̀ kọ́kọ́ wó lórí tábìlì," wọ́n ní, "ǹ bá ṣì máa fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn."

Inú ṣì ń bí mi. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń pè mí ní Awólé, ẹ máa pè é lọ. Ẹni tó bá fi àṣìṣe pamọ́ nítorí àtẹ́wọ́, ẹ̀mí ẹlòmíràn ló ń fi ṣeré. Mo ti mú ayùn. Mo ń tún àwọn ọ̀pá náà gé, gígùn àti kúkúrú.