Aago Màmá Lọ́wọ́ Ẹsẹ̀-ò-kanlẹ̀

Ká tó di ẹ̀bi ru ọmọ, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àgbàlagbà tó kọ́kọ́ ya òmùgọ̀. Màmá ni. Òun fúnra rẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n fi bò. Bó bá ń sọ ọ́, á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ogójì ọdún tó fi tẹ̀ kodoro sórí ẹ̀rọ ìránṣọ ló ba ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, dókítà sì so aago kan mọ́ ọn lọ́wọ́. Aago yìí ń ka ìgbésẹ̀ rẹ̀, ó sì ń fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọsibítù.

"Ẹgbẹ̀rún kan ìgbésẹ̀ lójúmọ́, Màmá. Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa rìn ín."

Ọjọ́ mẹ́ta péré, ó ti sú Màmá. Ẹ̀yìn ń ro ó, àga sì tu ìdí rẹ̀ lára. Ó pe ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀-ò-kanlẹ̀ nítorí kò sẹ́ni tó lè bá a sáré níléèwé.

"Máa wọ aago yìí lọ sí pápá."

"Màmá, ẹ̀yìn tiyín ni wọ́n ń tọ́jú o!"

"Ẹnu ẹ tún yá ju ẹsẹ̀ ẹ lọ. Ṣé o fẹ́ kí n rán ṣòkòtò péńpé tuntun fún ẹ àbí o ò fẹ́?"

Ọmọ mọ̀ pé kò dáa. Ṣùgbọ́n ṣòkòtò tó fi ń sáré ti ya nídìí, ìdíje sì ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ó gba aago. Fún ọjọ́ márùn-ún, Màmá jókòó bí ọba, aago rẹ̀ ń sáré ní pápá.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, ọmọ tẹ̀ lé Màmá lọ sí ọsibítù. Inú dókítà dùn ṣìnkìn. "Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lójúmọ́! Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ máa lọ, ó di oṣù mẹ́ta ká tó tún ríra."

Màmá fẹ́ dìde dúpẹ́, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò dá a lóhùn. Ó di tábìlì mú, ó ń rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn. Ọmọ rí i. Bó bá dákẹ́, ṣòkòtò ti dọ́wọ́. Ẹsẹ̀ Màmá wá ńkọ́?

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo rìn ín." "Láti àná ni ẹsẹ̀ òsì wọn ti ń kú. Wọ́n ní kí n má sọ."

"Tú-mi-fó!" Màmá kígbe.

"Màmá, ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún àwọn oníbàárà yín pé ẹni tó bá fa ikùn sínú nígbà tẹ́ ẹ bá ń wọ̀n ọ́n, aṣọ tó há ló máa wọ̀ lọ sóde."

Ni ẹ̀rín bá bú jáde lẹ́nu Màmá.

Dókítà ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, irọ́ téèyàn fi ẹsẹ̀ pa, irọ́ náà ni." Kíá, wọ́n yẹ ẹ̀yìn Màmá wò. Omi ti gbá jọ sábẹ́ ojú iṣẹ́ abẹ, ó ń tẹ iṣan ẹsẹ̀. Wọ́n fà á jáde. "Ká ní ẹ dúró di oṣù mẹ́ta ni," dókítà wí, "ẹsẹ̀ yẹn ì bá ti lọ." Ó ní Màmá kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìránṣọ fún oṣù méjì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n padà délé, aago ti wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Màmá fọwọ́ lé ọmọ léjìká, wọ́n ń rìn tẹ̀ẹ̀-tẹ̀ẹ̀ láti ilẹ̀kùn dé fèrèsé.

"Ọmọ mi, o ṣeun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ aago, ṣùgbọ́n ẹnu ẹ ló gba ẹsẹ̀ mi là. Wọ́n ní irọ́ a máa rin ogún ọdún kí òtítọ́ tó bá a. Tiwa ò tiẹ̀ rìn ju ọjọ́ márùn-ún lọ! Má ṣe bá ẹnikẹ́ni parọ́ mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ èmi àgbà òṣìkà yìí ló bẹ̀ ẹ́."

"Mo gbọ́, Màmá." Ọmọ wo aago, ó wo ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n ti fi aṣọ bò ní igun yàrá. "Ṣòkòtò péńpé mi wá ńkọ́?"