Oògùn Pauline

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kọkànlá, ọdún 1966, Pauline Ògúnṣínà kú ní Pobè. Ikọ́ ife ló pa á. Edwige ọmọ rẹ̀, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ló pa ojú rẹ̀ dé.

Ẹ̀rù ti wọ ilé náà ṣáájú ikú. Nígbà tí òjò ọdún náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Basile, nọ́ọ̀sì tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Dókítà, pe àwọn tó ń wúkọ́ jọ sí abẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé ìwòsàn.

"Ẹ gbọ́ o. Ìjọba tuntun ti gé owó ìwádìí àwọn ará yunifásítì tó ń kó oògùn ikọ́ yìí wá fún wa, wọ́n sì gé ti ilé ìwòsàn náà. Ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ yóò máa gba tirẹ̀ lọ. A ò lè gba ẹni tuntun mọ́."

Pauline ti bẹ̀rẹ̀ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n Berthe, ìyálé rẹ̀, jẹ́ ẹni tuntun. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó ní, "Basile, ṣé kí n lọ sọ fún ikọ́ tèmi pé ìjọba ní kó dúró ná?"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Berthe ló pọn Edwige dàgbà nígbà tí Pauline ń ru epo pupa lọ tà ní Sakété. Láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú, inú àwo kan náà ni àwọn ìyàwó méjèèjì ti ń jẹun. Bí ẹja kan bá wọlé, Edwige á là á sí méjì. Ìlànà ilé wọn nìyẹn.

Edwige náà ló ń tọ́jú oògùn ìyá rẹ̀. Ó korò, nítorí náà ó máa ń lọ̀ ọ́ sínú ẹ̀kọ gbígbóná. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ tí Berthe fi nu ẹnu. Ó mú ọ̀bẹ, ó la hóró oògùn náà sí méjì, ó sì po ẹ̀kọ méjì. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lárààárọ̀ láti ọjọ́ náà, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Edwige, ṣé ìyá rẹ ń lo gbogbo oògùn rẹ̀?" ni Basile bi í nígbà tó lọ gba òmíràn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Dókítà."

Ó fẹ́ sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gba èyí tó wà nílẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn ńkọ́?

Kí òjò tó dáwọ́ dúró, Pauline ti rù kan egungun. Basile fi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Àjàṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Nígbà tí èsì dé, ó fa Edwige sẹ́yìn ilé.

"Oògùn kò ran ikọ́ yìí mọ́. Wò mí lójú. Kí lo ṣe?"

Edwige jẹ́wọ́. Basile jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Oògùn kì í ṣe ẹja, ọmọ mi. Ààbọ̀ rẹ̀ kì í pa ikọ́, ńṣe ló ń sọ ọ́ di alágídí. Àwọn sísítà Àgùdà kan wà ní Sakété tí wọ́n ṣì ní oògùn díẹ̀. Ká ní o sọ fún mi, ǹ bá ti gbé Berthe lọ bá wọn."

"Ẹ̀rù ló bà mí, Dókítà. Mo rò pé ẹ ó gba ti ìyá mi lọ́wọ́ rẹ̀."

Nígbà tí Edwige kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní ìyá rẹ̀, tó sì sọ ohun tó ṣe, Pauline bi í pé,

"Ṣé Berthe mọ̀?"

"Rárá, Ìyá."

"Má sọ fún un."

Basile gbé Berthe lọ sí Sakété. Àwọn sísítà fún un lóògùn, ṣùgbọ́n wọn kò ṣe ìlérí pé yóò sàn.

Àwọn tó gé owó náà ní Kútọnù kò rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ Berthe. Ẹ̀bi tiwọn wà lọ́rùn wọn. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin ọmọ tó ń kàwé yìí mọ èyí: ìfẹ́ nìkan kò tó láti fi tọ́jú aláìsàn. Bí ẹ̀rù bá bà yín, ẹ sọ fún ẹni tó mọ̀, kó tó pẹ́ jù.

Ohun tí Pauline fi sílẹ̀ nìyí: garawa epo kan, ìró méjì, ọ̀bẹ, àwo tí àwọn méjèèjì fi ń jẹun, ààbọ̀ hóró oògùn kan nínú agolo, Edwige, àti Berthe tó ń wúkọ́ ní yàrá kejì.