Sólà Sàfúrátù Daṣẹ́ Sílẹ̀

Ta ló lè ta ẹja yìnyín láìsí yìnyín? Sàfúrátù, ìyá Kàmọ́rù, mọ ìdáhùn ìbéèrè yìí ju ẹnikẹ́ni lọ ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, nítorí òun ni gbogbo àdúgbò ń bá ra títù àti pánlá. Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, bó ṣe ṣí fìrísà rẹ̀, omi ló pàdé. Ó fi ìka tẹ ẹja kan, ìka náà sì wọlé bí ẹni tẹ àkàrà.

"Bàbá Kàmọ́rù, ẹ wá wo nǹkan," ló ké sí ọkọ rẹ̀. "Ẹja tún ti rọ̀."

Ọ̀ṣẹ́nì ọkọ rẹ̀, àgbẹ̀ oníṣu, ń pọ́n àdá lọ́wọ́ lẹ́yìnkùlé. Kò tilẹ̀ dìde. "Mo ti sọ fún ọ pé ayédèrú ni wọ́n tà fún wa. Ọmọ kékeré wá láti Ṣakí, ó to gíláàsì sójú oòrùn fún wa, ó bá tiẹ̀ lọ."

Ọ̀rọ̀ náà dun Sàfúrátù, torí òun ló rọ ọkọ rẹ̀ títí tí wọ́n fi ra sólà. Jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Èéfín rẹ̀ ń yọ wọ́n lẹ́nu, ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tí ara wọn ń sọ, epo rẹ̀ sì ń jẹ èrè ẹja tán.

Ìgbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni Ọlámipọ̀sí, ọmọbìnrin kan tó kọ́ṣẹ́ sólà ní Ìsẹ́yìn tó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Ṣakí, wá gbé páńẹ̀lì mẹ́rin kalẹ̀ fún wọn. Páánù ilé wọn ti gbó, kò lè rù wọ́n, nítorí náà orí irin tó ga dé àyà èèyàn ló tò wọ́n sí ní àgbàlá. Láti ọjọ́ náà ni yìnyín ti ń dì pa. Inú Sàfúrátù dùn débi pé ó ń bu omi tútù fún aládùúgbò lọ́fẹ̀ẹ́.

Àfi ìgbà tí ọyẹ́ dé. Bí oòrùn bá ti wọ̀, ínfátà, ẹ̀rọ tó ń fa iná bátìrì wọ ilé, á bẹ̀rẹ̀ sí í han, kò sì ní pẹ́ tí fìrísà á fi kú. Àwọn oníbàárà ti ń kùn pé ẹja ń rùn, àwọn kan tilẹ̀ ti yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Òwò yìí ni Sàfúrátù fi ń rán ọmọ lọ sílé ìwé. Bí ó bá wọlẹ̀, kò mọ ohun tí òun yóò tún ṣe, ẹ̀rù sì ń bà á gidigidi.

Ó pe Ọlámipọ̀sí lórí fóònù.

"Ìwéré-Ilé ni mo wà, màmá," ni ọmọ náà dáhùn. "Mo ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú nǹkan kan."

Sàfúrátù gbé fóònù sílẹ̀, ó bá iṣẹ́ òwúrọ̀ rẹ̀ lọ. Èlùbọ́ ló kọ́kọ́ kó jáde, nítorí ìgbà ọyẹ́ ni ìgbà èlùbọ́ lọ́dọ̀ wa. Ó ti bó iṣu, ó ti bọ̀ ọ́, oòrùn nìkan ló kù. Bó bá sì sá a sílẹ̀, àwọn ewúrẹ́ ò ní jẹ́ kó rí i kó. Ṣùgbọ́n orí páńẹ̀lì, ewúrẹ́ kò dé ibẹ̀. Ibẹ̀ mọ́, ó gbóná, oòrùn kì í sì í kúrò níbẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Látìgbà tí ọyẹ́ ti dé ló ti ń sá èlùbọ́ rẹ̀ síbẹ̀, ó sì ń gbẹ kánkán. Lójú tirẹ̀, obìnrin tó gbọ́n ni í fi ohun kan ṣe iṣẹ́ méjì.

Oòrùn ti ga nígbà tí Àmúdà gun ọ̀kadà wọ àgbàlá. Kíkiri ni Àmúdà máa ń kiri ọjà, láti abúlé dé abúlé. Lọ́jọ́ náà, páńẹ̀lì méjì ló so mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà.

"Ẹ kú ilé o. Wọ́n ní sólà yín ń ṣàìsàn."

"Ó ti kú ni," ni Ọ̀ṣẹ́nì wí.

Àmúdà yí páńẹ̀lì wọn po. Ó mú èlùbọ́ kan, ó gbóòórùn rẹ̀. "Èlùbọ́ yín mà funfun o, Ìyá Kàmọ́rù." Ó dá a padà, ó mi orí. "Bàbá, òótọ́ lẹ sọ. Àwọn yìí ti kú. Ẹ wo tèmi, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta wáàtì ni wọ́n kọ sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ kó mẹ́rin yín fún mi, kí n kó méjì yìí fún yín, ẹ kàn fi nǹkan díẹ̀ lé e."

Ó tú páńẹ̀lì méjèèjì, ó há wọn sí abíyá kan, ó gbé wọn wá. Ojú Ọ̀ṣẹ́nì tàn. Kíá ló ti wọlé lọ mú sípánà.

"Ẹ jẹ́ ká dúró de Ọlámipọ̀sí," ni Sàfúrátù ń bẹ̀ ẹ́. "Ó ní ká má tú nǹkan kan."

"Ká dúró dìgbà tí ẹja á fi rà tán?"

Ọ̀ṣẹ́nì ti bẹ́rẹ̀ sábẹ́ irin, ó ti ń yí sípánà, nígbà tí ọ̀kadà mìíràn dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọlámipọ̀sí sọ̀ kalẹ̀ tòun ti àpò iṣẹ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí wọn. Bó ṣe gbójú sókè, ojú rẹ̀ bọ́ sórí páńẹ̀lì.

"Màmá, kí lèyí?"

"Èlùbọ́ ni."

"Mo rí i pé èlùbọ́ ni, mà. Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Ó ń gbẹ ni."

Ọlámipọ̀sí fọwọ́ bo ẹnu. Ó fẹ́ pa ẹ̀rín mọ́ra, kò ṣeé ṣe, ló bá jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ má bínú sí mi," ló wí nígbà tó rí èémí mí. "Màmá, oòrùn ni oúnjẹ páńẹ̀lì. Ẹ fi èlùbọ́ dí i lẹ́nu látàárọ̀ dalẹ́. Kí ló fẹ́ jẹ tí á fi bọ́ bátìrì?"

"Ṣùgbọ́n ó ń gbóná, ọmọ mi. Bí mo bá fọwọ́ kàn án, ó máa ń jó mi lọ́wọ́. Ooru náà ló kúkú ń lò."

"Rárá, mà. Ìmọ́lẹ̀ ló ń lò, kì í ṣe ooru. Bí òjìji ewé lásán bá bò ó, iná rẹ̀ á dínkù, áńbọ̀sìbọ́sí odidi iṣu. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ dúró ti àpótí kékeré ara ògiri yẹn, ẹ máa ka nọ́ńbà iná tó ń wọlé lójú rẹ̀ fún wa."

Ọ̀ṣẹ́nì lọ. "Méjì ló wà níbẹ̀."

Sàfúrátù àti Ọlámipọ̀sí bẹ̀rẹ̀ sí í kó èlùbọ́ sínú igbá.

"Ó ti di mẹ́fà," ni Ọ̀ṣẹ́nì wí. Ó tún tẹjú mọ́ ọn. "Mẹ́wàá. Ìyá Kàmọ́rù, ó ń gòkè o. Ó ti kọjá ogún."

Nínú ilé, fìrísà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Sàfúrátù gbọ́ ọ láti àgbàlá, ìdùnnú sì gbà á lọ́kàn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ da igbá èlùbọ́ nù. Lẹ́yìn náà ló rántí nǹkan kan, ó yíjú sí ọlọ́jà.

"Àmúdà, o mú èlùbọ́ mi, o gbóòórùn rẹ̀, o sì yìn ín. O rí ibi tó wà. Kí ló dé tí o ò sọ?"

Àmúdà ń wo ilẹ̀. "Mo rò pé bí ẹ ṣe ń lò ó nìyẹn."

Ọlámipọ̀sí mú mítà tí wọ́n fi ń wọn iná jáde nínú àpò, ó ní kí Àmúdà gbé ọ̀kan nínú tirẹ̀ sóòrùn. Ó wọ̀n ọ́n. "Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó ń gbé jáde kò tó ọgọ́rùn-ún. Bàbá, páńẹ̀lì ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta gidi gùn jù yín lọ, kò sẹ́ni tó lè há méjì rẹ̀ sí abíyá."

Ọ̀ṣẹ́nì wo ara rẹ̀ látòkè délẹ̀, ó wo páńẹ̀lì, ó rọra ki sípánà bọ àpò.

"Bí wọ́n ṣe tà á fún èmi náà nìyẹn," ni Àmúdà wí, ó ń so ẹrù rẹ̀ padà.

"Bó bá rí bẹ́ẹ̀, má tà á fún ẹlòmíràn," ni Sàfúrátù dá a lóhùn.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, tí gíláàsì sì tutù, Ọlámipọ̀sí fi omi àti aṣọ rírọ̀ kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe fọ omi iṣu àti eruku ọyẹ́ tó ti lẹ̀ mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kejì, bí Sàfúrátù ṣe fẹ́ mú ẹja fún oníbàárà àkọ́kọ́, ẹja ti dì pọ̀, kò yà. Ọ̀ṣẹ́nì ló wá bá a fi ìdí àdá gbá a kó tó yà, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí ẹ bá fẹ́ ra sólà, ẹ kọ́kọ́ ro ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Èyí tó tó gílóòbù àti fáànù kò lè gbé fìrísà, èyí tó sì gbé fìrísà lè kọ áyọ́ọ̀nù. Ẹ má fi ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn páńẹ̀lì nìkan ra ọjà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó kọ́ṣẹ́ wọ̀n ọ́n lójú yín, kí ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì mọ ṣọ́ọ̀bù tí ẹ lè dá a padà sí bó bá bàjẹ́. Níbi tí òjìji igi tàbí ti ilé kò ti ní bò ó ni kí wọ́n gbé e sí, kó dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀, kó kọjú sí gúúsù. Ẹ máa fọ̀ ọ́ láàárọ̀ kùtù tàbí nírọ̀lẹ́, pàápàá nígbà ọyẹ́, torí omi tútù lè mú kí gíláàsì gbígbóná sán. Bí iná rẹ̀ bá sì ń dínkù, ẹ wo ojú rẹ̀ kí ẹ tó pè é ní ayédèrú, kí ẹ sì pe ẹni tó gbé e kalẹ̀ kí ẹ tó gbà fún ẹni tó fẹ́ ṣe pààrọ̀.

Ní ti èlùbọ́, àpáta kún agbègbè Òkè-Ògùn wa. Ẹ lọ sá a síbẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀gún dínà fún ewúrẹ́.