Ọ̀gá Táì Fa Ilẹ̀kùn Géréèjì Dé

Gbogbo àdúgbò ló mọ Ọ̀gá Táì. Orúkọ náà kì í ṣe èébú létí rẹ̀, nítorí ọkùnrin yìí a máa so táì lọ da ilẹ̀ nù. Ní Sátidé tí ẹgbẹ́ onílé fẹ́ gbọ́rọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń du ipò alága, lórí ẹ̀rọ ayélujára kí wọ́n tó dìbò, táì tó so pọ́n bí ogbe àkùkọ.

Àwọn méjì ló ń du ipò náà: òun àti Màmá Tíṣà, ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ilé Ọ̀gá Táì gan-an.

Ìpàdé kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀ ni iná lọ. Kọ̀ǹpútà alágbèéká Ọ̀gá Táì kò sì ní agbára kankan nínú mọ́. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, pè é láti ibi iṣẹ́.

"Bàbá Ìbejì, wọ́n ní kò síná nílé. Ẹ ṣáà fi fóònù yín wọlé sípàdé."

"Fóònù kẹ̀? Kí ojú mi rí bíńtín bí ẹ̀pà? Ojú alága lojú yìí o."

"Ẹ ò tíì di alága."

"Ẹnu tìẹ nìyẹn."

Ọ̀gá Táì ní ìnfátà kékeré kan, èyí tí wọ́n ń so mọ́ bátìrì mọ́tò kó lè sọ iná bátìrì di irú iná tí kọ̀ǹpútà ń lò. Ó so ó dáadáa. Ó ṣáná sí mọ́tò kí bátìrì má baà kú. Ká ní ó ti wa mọ́tò jáde síta ni, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n iwájú ilé rẹ̀ ni Màmá Tíṣà ń wò láti ojú fèrèsé. Kí màmá wá rí òun tí òun ń fa wáyà kiri bí ẹni tó ń gbá ológìní mú? Ó fa ilẹ̀kùn géréèjì wálẹ̀ títí ó fi kanlẹ̀. Ó fi kọ́tìnnì pálọ̀ kọ́ sórí àkàbà lẹ́yìn ara rẹ̀, kí ibẹ̀ lè jọ pálọ̀. Ó tún táì ṣe, ó jókòó.

Màmá Tíṣà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Gọ́tà wa ti dí. Ẹ jẹ́ ká yà á. Mo ti parí."

Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Táì ò tètè parí ní tirẹ̀. Nígbà tó yá, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Ó ní ẹrù ipò ló ti ń wúwo yẹn. Ó yán. Ó pe "Ẹ̀yin ará àdúgbò mi ọ̀wọ́n", ó tún un pè, ó sì tún un pè. Àwọn èèyàn rò pé ọgbọ́n ọ̀rọ̀ sísọ ni. Ẹnì kan tilẹ̀ pàtẹ́wọ́.

Ìyàwó rẹ̀ ń wo ìpàdé lórí fóònù níbi iṣẹ́. Nígbà tó kọ́kọ́ rí kọ́tìnnì rẹ̀ níbi tí kò sí fèrèsé, ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohun kan tó ń kùn lábẹ́ ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀, ẹ̀rín sì kú lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, ṣé mọ́tò ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ yẹn?" Gbogbo ìpàdé ló gbọ́.

"Ìyá Ìbejì... ìpàdé là ń ṣe."

"Ẹ dìde, ẹ ṣí ilẹ̀kùn."

"Ẹsẹ̀ mi ló... ó jọ pé ó ti sùn." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwọn ará ìpàdé, ó sì gbórí lé kọ̀ǹpútà.

"Màmá Tíṣà," ìyàwó rẹ̀ kígbe, "ẹ gbà mí. Èéfín mọ́tò ni. Ẹ gbé ilẹ̀kùn géréèjì wa sókè láti ìta, ẹ fà á jáde, ẹ má ṣe pẹ́ níbẹ̀ o."

Kó tó sọ bẹ́ẹ̀ tán, àga Màmá Tíṣà ti ṣófo. Láìpẹ́, ìmọ́lẹ̀ ya wọ inú géréèjì, afẹ́fẹ́ já kọ́tìnnì lulẹ̀, gbogbo ìpàdé sì rí táyà àlòpatì, agolo ọ̀dà àti bẹ́síìnì tó ti fọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ọwọ́ Màmá Tíṣà lọ́rùn kótù olùdíje rẹ̀, òun àti bírìkìlà tó ń tún ògiri ilé màmá ṣe ló jọ ń fà á jáde.

"Ọmọkùnrin yìí, dìde. Ìwọ náà ti sọ̀rọ̀ tó."

Nígbà tí wọ́n gbé e dé ìta, màmá tú táì náà kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Ilé ìwòsàn tí ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n gbé e lọ. Wọ́n fún un ní atẹ́gùn ìmí, ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Gáàsì kan wà nínú èéfín mọ́tò," ó ní, "ojú ò rí i, imú ò gbóòórùn rẹ̀. Orí á máa fọ́ni, òòyì á máa kọ́ni, èébì á máa gbéni, oorun á wá dé. Ẹni tó bá sun oorun yẹn lè má jí mọ́."

"Mọ́tò mi ò kúkú rú èéfín. Tuntun ni."

"Tuntun ni, àlòkù ni, ohun tó ń tẹnu sálẹ́ńsà jáde ń pani."

"Bí mo bá ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ ńkọ́?"

"Kò tó. Ìta gbangba ni, kó jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé ẹnikẹ́ni."

Ọ̀gá Táì yíjú sí Màmá Tíṣà tó bá wọn wá. "Màmá, ojú yín ni mo sá fún, ẹ̀yin náà lẹ sì gbà mí. Ẹ ṣeun. N ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́ tó. Mo fi ipò náà sílẹ̀ fún yín."

"Mi ò gbà. Wọ́n ti sún ìbò sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò sí adùn nínú kí n borí ẹni tó ń sùn."

Ní ọ̀sẹ̀ náà, iná tún lọ. Ọ̀gá Táì wa mọ́tò rẹ̀ síta, ó gbé e jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ó gbé kọ̀ǹpútà sórí àpótí lábẹ́ igi, níṣojú gbogbo ayé. Ó juwọ́ sí Màmá Tíṣà lójú fèrèsé. Ọpẹ́ nìkan ló sọ nígbà tó kàn án: ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ bírìkìlà. Màmá Tíṣà ló wọlé. Ọ̀gá Táì ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bátìrì mọ́tò lè gbé kọ̀ǹpútà yín, kò burú. Ẹ ra ìnfátà tí agbára rẹ̀ tó kọ̀ǹpútà náà, ẹ má fi wáyà lásán so ó. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣáná sí mọ́tò nínú géréèjì láé, ì báà jẹ́ pé ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Bí ẹ bá pa mọ́tò, ẹ lè lo bátìrì náà fúngbà díẹ̀, kẹ́ ẹ sì tètè yọ ìnfátà kúrò kí bátìrì má baà kú. Bí orí bá ń fọ́ yín nítòsí mọ́tò tó ń ṣiṣẹ́, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì: ẹ bọ́ síta, kẹ́ ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ.

Àìsíná kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. A ò tíì gbọ́ pé ẹnì kan kú nítorí pé aládùúgbò rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò rẹ̀.