Àpótí Tó Ń Gbọ́ Ohùn Ògiri

Màá sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú, inú ti bí èmi náà tó. Lọ́dún tí ìlú wa, Ìdó-Òṣùpá, pé ọgọ́ta ọdún, wọ́n ra àpótí méjì láti ayé wá, àpótí tó ń gbọ́ ohùn ògiri. Bọ́tìnnì kan péré ló yẹ kí wọ́n tẹ̀ lára ọ̀kan nínú wọn. Wọn ò tẹ̀ ẹ́, èèyàn méjì sì ti bá a lọ.

Inú ihò ńlá kan lábẹ́ ilẹ̀ òṣùpá là ń gbé. Afẹ́fẹ́ ò sí níta rárá. Ohun tó wà láàárín àwa àti ikú kò ju ògiri tí wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ òṣùpá yíyọ́ mọ. Ògiri yìí kì í ya lójijì. Yóò kọ́kọ́ máa dún tá, tá, bí igi gbígbẹ, bóyá fún wákàtí kan, kó tó lu. Ẹni tó bá tètè gbọ́ ọ á sá jáde, ilẹ̀kùn irin yàrá náà á sì tì fúnra rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ ìlú má bàa tán. Ìdí tí wọ́n fi ra àpótí nìyẹn.

Ìbídùnní ló ní kí wọ́n rà á. Òun ni onímọ̀ ẹ̀rọ ìlú, ọmọ Ìsàlẹ̀ tó fẹ́ ọkọ sí Òkè, àdúgbò méjì tí ìlú wa ní, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Asohùndòǹkà ló pe ẹ̀rọ náà. Irin dúdú pẹlẹbẹ ni, ojúhò mẹ́rìndínlógún wà lẹ́yìn rẹ̀ fún wáyà, iná tíntìntín mẹ́rìndínlógún wà níwájú. Wáyà kọ̀ọ̀kan gba inú ògiri lọ bá etí irin kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tí etí bá gbọ́, asohùndòǹkà á rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́ bí ẹni rẹ́ ilá, ọ̀nà ẹgbẹ̀rún méjìdínláàádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, á sọ ẹyọ kọ̀ọ̀kan di òǹkà, kó tó dé ẹnu gbohùngbohùn tó wà ní gbọ̀ngàn ìlú. Òkè ní àpótí tirẹ̀, Ìsàlẹ̀ ní tirẹ̀, gbohùngbohùn kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ sí.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé e kalẹ̀ dùn. Ìbídùnní de àpótí méjèèjì mọ́ pẹpẹ irin kan ní gbọ̀ngàn, ó fi àlàfo sílẹ̀ láàárín wọn kí ooru lè ráyè jáde. Ọkọ rẹ̀ Àkànó, tó jẹ́ atúnrògiri-ṣe, mú sípánà, ó ń lọ láti etí dé etí, ó ń kan ògiri lẹ́ẹ̀mẹta-mẹ́ta: kó, kó, kó. Ìbídùnní á wo iná, á yí ohùn sókè tàbí sílẹ̀ títí yóò fi ṣe rẹ́gí, á wá pè é lórí fóònù ògiri pé ọ̀kan dé, èjì dé, ẹ̀ta dé. Àwa tó wà ní gbọ̀ngàn ń rẹ́rìn-ín, a ń pàtẹ́wọ́ fún etí kọ̀ọ̀kan. Ká ní wọ́n fi í mọ bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ aago. Aago kan wà nínú asohùndòǹkà kọ̀ọ̀kan, òun ló ń sọ ìgbà tí ọ̀bẹ máa balẹ̀. Ẹni méjì tó ń gún iyán nínú odó kan mọ̀ pé ẹnìkan ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, kí ẹnìkejì máa tẹ̀ lé e. Bí kálukú bá ń gún bó ṣe wù ú, ọmọ odó méjèèjì á forí gbárí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àpótí méjì tó ń lo gbohùngbohùn kan. Bọ́tìnnì kan wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan fún èyí. Bí iná rẹ̀ bá pupa, aṣáájú ni. Bí ó bá ní àwọ̀ ewé, atẹ̀lé ni.

Ẹ wá bá mi gbé e fún ìlú tiwa. Ọkọ̀ òfurufú méjì ló kó àwọn baba ńlá wa wá. Àwọn ọkọ̀ kìíní balẹ̀, wọ́n tẹ Òkè dó. Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà ni èkejì balẹ̀, àwọn yẹn tẹ Ìsàlẹ̀ dó. Òkè ní àwọn ló kọ́kọ́ dé, àwọn làgbà. Ìsàlẹ̀ ní ẹni tó kọ́kọ́ dé, Táyé ni. Kẹ́hìndé ló rán an pé kó lọ tọ́ ayé wò, Kẹ́hìndé sì ni ẹ̀gbọ́n. Ọgọ́ta ọdún ni wọ́n ti ń fà á. Gbọ̀ngàn wa ní ilẹ̀kùn méjì kí olórí kan má bàa wọlé ṣáájú èkejì. Ẹnìkan á ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí àwọn méjèèjì tó jọ gbẹ́sẹ̀. Àgbàlagbà lẹ̀ ń gbọ́ yẹn o.

Ìbídùnní ṣàlàyé ọ̀rọ̀ aago fún wọn. Pa Láníhùn, olórí Òkè, ò jẹ́ kó parí rẹ̀. Ó ní ṣé aago Òkè ni yóò wá máa tẹ̀ lé ti Ìsàlẹ̀ lẹ́yìn bí ajá? Ìyá Morẹ́nikéjì, olórí Ìsàlẹ̀, rẹ́rìn-ín ẹ̀sín, ó ní ajá tó bá gbọ́n mọ olówó rẹ̀. Ìbídùnní ní kí wọ́n ṣẹ́ kèké. Wọ́n kọ̀. Ó ní kí wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn lóṣooṣù. Wọ́n béèrè ẹni tó máa ṣe oṣù kìíní.

“Ẹ̀rọ ò mọ àgbà, ẹ̀yin àgbà,” ni Ìbídùnní wí níkẹyìn. “Ògiri ò mọ̀ ọ́n pẹ̀lú.”

“Àwa mọ̀ ọ́n,” Pa Láníhùn dá a lóhùn. “Méjèèjì á jẹ́ aṣáájú. Ó parí.”

Ìyá Morẹ́nikéjì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọgọ́ta ọdún tí Òkè àti Ìsàlẹ̀ fi ẹnu kò. Wọ́n ní bí Ìbídùnní ò bá ṣe é, wọ́n á fún ẹlòmíràn ṣe. Ohun tí mò ń bá òun náà jà lé lórí nìyí: ó mọ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì méjèèjì sí pupa. Wọ́n gbé àpótí gíláàsì bo pẹpẹ irin náà mọ́lẹ̀, wọ́n fi àgádágodo méjì tì í, olórí kọ̀ọ̀kan mú kọ́kọ́rọ́ kan lọ sílé.

Kò pé wákàtí kan, gbohùngbohùn dún: tá. Gbogbo ìlú sáré wọ ẹ̀wù èémí. Ògiri ò ṣe nǹkan kan. Aago méjèèjì ló forí gbárí. Lọ́jọ́ náà a sáré lẹ́ẹ̀mẹfà. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kan, kò sẹ́ni tó ń mira mọ́. Bí ó bá dún tá, a ó ní, “Ẹ̀rọ ni,” a ó sì máa bá ọbẹ̀ wa lọ. Èmi náà sọ ọ́, àìmọye ìgbà. Ìbídùnní lọ bẹ olórí méjèèjì nílé lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tí wọ́n ń bi í ni pé aago wo ló fẹ́ sọ di ọmọ ẹ̀yìn.

Ọjọ́ kejìlélógún, lọ́sàn-án gangan, Àkànó wà nínú ọgbà ẹ̀fọ́ Òkè, níbi etí kọkànlá. Mopélọ́lá, àbíkẹ́yìn Pa Láníhùn, ń bomi rin ewébẹ̀ níbẹ̀. Àkànó gbé ọwọ́ lé ògiri, nǹkan kan gbọ̀n lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù.

“Ìbídùn, kí ni etí kọkànlá ń sọ? Ṣé kí á jáde?”

Ìbídùnní wo iná kọkànlá. Ó ń ṣẹ́jú, tá, tá. Iná mẹ́rìndínlógún ló ń ṣẹ́jú bẹ́ẹ̀.

“Ẹ̀rọ ni,” ó wí. “Ẹ parí iṣẹ́ yín.”

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ògiri lu. Ihò náà ò ju ẹnu ìgò lọ, àmọ́ afẹ́fẹ́ ń gbabẹ̀ lọ. Ilẹ̀kùn irin tì gbàgà, ó gé wáyà fóònù tó gba ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ yàrá náà fi òdo hàn. Gbogbo wa mọ ohun tí òdo túmọ̀ sí. Ẹ̀wù èémí máa ń wà lórí ìkọ́ lójú ọ̀nà, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, lọ́dọ̀ wa; kò sẹ́ni tó ronú láti lọ wo ìkọ́ náà. A ti pè wọ́n ní òkú. Kò sì sí ẹni tó ń kánjú torí òkú.

Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi jà ní gbọ̀ngàn. Pa Láníhùn ń sunkún, ó ń bú Ìsàlẹ̀ mọ́ ẹkún. Ìyá Morẹ́nikéjì ní etí Òkè ló di, kí wọ́n má fa Ìsàlẹ̀ wọ ọ̀rọ̀ náà. Lókè orí wọn, gbohùngbohùn ń dún tá, tá, tá. Ìbídùnní jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú pẹpẹ irin. Lójijì ó dìde, ó mú sípánà, ó fọ́ gíláàsì náà yángá.

“Mo fẹ́ kó dákẹ́,” ó wí. “Kó ṣáà ti dákẹ́.”

Ó tẹ bọ́tìnnì àpótí tó sún mọ́ ọn. Iná náà di àwọ̀ ewé. Ariwo dá. Láti ọjọ́ méjìlélógún, a ò tíì gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn, àní ẹkún Pa Láníhùn pàápàá dá.

Nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà, gbohùngbohùn dún.

Kó, kó, kó.

Iná kan ṣoṣo ló ń ṣẹ́jú lára pẹpẹ, ti kọkànlá. Pa Láníhùn wo Ìbídùnní bí ọmọdé ṣe ń wo ìyá rẹ̀.

“Ẹ̀rọ ni?” ó bi í.

“Kì í ṣe ẹ̀rọ, Bàbá.”

A sáré lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn ọgbà ẹ̀fọ́, àtọmọdé àtàgbà. Ìkọ́ méjì ṣófo lójú ọ̀nà. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn tán, Àkànó ti wá mú ẹ̀wù èémí méjì wọlé. Ó gba Ìbídùnní gbọ́, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó gba àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ gbọ́ díẹ̀ náà. Wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ ni afẹ́fẹ́ inú ẹ̀wù náà ń lò. Bẹ́ẹ̀, a ò lè ṣí ilẹ̀kùn láìjẹ́ pé ẹnìkan gba ìta lọ dí ihò náà, ìyẹn sì ń gba ogójì ìṣẹ́jú, bó ti wù kí èèyàn yára tó. Ìyá Morẹ́nikéjì nìkan ló jókòó ti gbohùngbohùn. Òun ló sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ó ń dún ní mẹ́ta-mẹ́ta, ó di méjì, ó di ẹyọ kan, ó wá dákẹ́.

A bá àwọn méjèèjì lẹ́bàá ògiri. Àkànó ṣì di sípánà rẹ̀ mú, ibi tó ń kàn ti jin kòtò. Òǹkà ò parọ́. Ó wà nínú asohùndòǹkà títí dòní. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn tì ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kàn.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ilẹ̀kùn kan ni wọ́n ṣí ní gbọ̀ngàn. Pa Láníhùn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí Ìyá Morẹ́nikéjì máa ṣáájú. Ìyá ní rárá, kí Pa máa lọ. Pa ní kò tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá ní ó tọ́. Òkú méjèèjì wà níta, àwọn tó gbé wọn ń làágùn. Ìbídùnní gba àárín wọn kọjá wọlé, kò kí ẹnì kankan.