Wọ́n Ṣán Igbó De Àlejò

Aago méje àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù keje, Bàbá Ọláníyọnu ti kó ọkùnrin mẹ́fà jọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Snellville, ìlú kan lókè òkun. Ẹ̀rọ ìgéko mẹ́ta ń hó yee.

"Ẹ gé e dé ìdí o!" bàbá pariwo. "Àlejò kì í bá wa nínú igbó."

Bàbá yìí ni olórí ẹgbẹ́ ọkùnrin ìjọ. Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá ẹni tó kórìíra ìdọ̀tí, ẹ má wulẹ̀ wá jìnnà.

Igbó kékeré ni wọ́n ń ṣán yìí, odò tín-ín-rín kan ń ṣàn gba inú rẹ̀. Adéfọlá, ọmọ bàbá, tó ń ṣe ìwádìí ẹranko ní yunifásítì ní Downtown, àárín ìlú ńlá, ló rí i pé ìjàpá ń yé ẹyin síbẹ̀. Ó kọ̀wé ní orúkọ ìjọ sí àjọ kan tó ń fún ará àdúgbò ní owó ìrànwọ́ kékeré láti dáàbò bo ẹranko igbó, wọ́n sì fún wọn. Ọdún mẹ́ta ló ti fi ń ka ìjàpá. Níbi tí ìyá ìjàpá bá yé sí, á ri àsíá pupa kékeré mọ́lẹ̀. Àwọn ará ìjọ rẹ́rìn-ín títí: ẹranko tí a fi ń pa àlọ́ ni òyìnbó ń náwó lé lórí!

Àjọ náà ti ránṣẹ́ pé aṣojú àwọn ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ náà láago méjì ọ̀sán ọjọ́ yìí. Bàbá kò sọ fún Adéfọlá pé àwọn fẹ́ ṣán igbó náà. Ó fẹ́ kí inú rẹ̀ dùn lójijì ni. Wọ́n gé koríko, wọ́n gbá ewé dànù, wọ́n fín oògùn apakoríko. Àsíá tó ń dí ẹ̀rọ lọ́wọ́, wọ́n fà á tu. Bàbá fi rọ́bà so gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó tọ́jú wọn.

Ó ku díẹ̀ kí aago méjì lù nígbà tí Adéfọlá dé.

"Wò ó, ọmọ mi! Surprise!"

Adéfọlá sáré lọ síbi tí àsíá wà tẹ́lẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ tú ilẹ̀. Èèpo ẹyin funfun tí táyà ẹ̀rọ ti tẹ̀ fọ́ ló ń bá pàdé. Lẹ́bàá odò, ó gbé ìyá ìjàpá kan tí ẹ̀rọ ti fọ́ igbá ẹ̀yìn rẹ̀.

"Daddy, kí lẹ ṣe?"

"Àwọn flag yẹn wà o. Mi ò sọ ìkankan nù."

"Mo gbọ́, sir." Ẹkún ló fi sọ ọ́.

Ara bàbá bù máṣọ. Uncle Dáramọ́lá, akọ̀wé ẹgbẹ́, fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Sir, ẹ jẹ́ ká kàn ri àwọn flag yẹn padà síbi tó bá ṣáà rí. Àlejò ò lè mọ̀. Tí wọ́n bá gba owó grant yẹn padà, iṣẹ́ ọmọ yín bàjẹ́ nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ wọ bàbá létí. Iṣẹ́ ọmọ ẹni kì í ṣe nǹkan eré. Ó di àwọn àsíá náà mú, kò sì lè gbé ẹsẹ̀.

Ibẹ̀ ló ṣì wà nígbà tí Aunty Samirah, aṣojú àjọ náà, dé. Ọmọ Ìlọrin ni, Australia ló sì ti kọ́ iṣẹ́ títọ́jú ẹranko igbó. Ó wo ilẹ̀, ó wo àwọn ọkùnrin náà. Kó tó lanu, bàbá ṣí fìlà.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣán an. Ọmọ mi ò mọ̀ sí i."

Samirah mí kanlẹ̀. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ òótọ́, sir. Ní Australia, irú small grant báyìí náà ni àwọn ará àdúgbò fi ń tọ́jú ẹranko wọn. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa ni pé owó náà kì í ṣe fún títún ọgbà ṣe. Ewé tẹ́ ẹ gbá yẹn, abẹ́ rẹ̀ ni ìjàpá ń sá sí. Igi tó bá ń jẹrà nílẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń jẹun. Ìyá kan lè má yé ju ẹyin mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan, ọmọ rẹ̀ á sì tó ọdún méje, mẹ́jọ, kóun náà tó yé."

"Ṣé a ò lè ra òmíì síbẹ̀ ni?" bàbá béèrè.

"Rárá, sir. Èyí tẹ́ ẹ bá gbé wá láti ibòmíì á máa wá ilé rẹ̀ kiri ni, títí mọ́tò á fi tẹ̀ ẹ́ pa."

"Grant yẹn ńkọ́?"

"Mi ò lè ṣèlérí. Ohun tí mo bá rí ni màá kọ. Àmọ́ ká ní ẹ ri àwọn flag tó wà lọ́wọ́ yín yẹn padà ni, irọ́ ni iṣẹ́ ọdún mẹ́ta á dà. Kò sẹ́ni tó máa gba Adéfọlá gbọ́ mọ́."

Uncle Dáramọ́lá tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀.

Adéfọlá mú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde, ó sì kúnlẹ̀ láti ka èèpo ẹyin. Bàbá gba bírò. Ọmọ ń kà, bàbá ń kọ: ẹyin mọ́kànlá, ìyá kan. Wọ́n dé ibi tí ìwé ti béèrè ohun tó pa wọ́n. Bàbá kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa, bí ìjọ tàbí àdúgbò yín bá gba owó ìrànwọ́ nítorí ẹranko igbó, ẹ ka àdéhùn rẹ̀ sétí gbogbo ẹgbẹ́, àgàgà àwọn àgbà tó mọ ilẹ̀ tún ṣe. Ẹ má gé, ẹ má gbá, ẹ má fín oògùn, ẹ má sì fa àmì kankan tu láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe ìwádìí. Bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ sọ ọ́, bó ti wù kó tì yín lójú tó. Koríko á tún hù. Ìjàpá tó kú kò ní padà wá.