Ògiri Ni Kí Wọ́n Wọ̀n, Kì Í Ṣe Agbádá

Látìgbà tí owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba fún àwọn òṣìṣẹ́, ti jáde ni Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbọ̀wálé akọ̀wé kò ti dúnàádúrà mọ́. Ó ní onílé kì í yọwó. Ilé ọ̀hún, ní Ẹ̀gbẹ́dá, kò tíì ní ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ìwà onílé ti dé ṣáájú ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ Sátidé tí Nùrẹ́nì bíríkìlà fẹ́ wá wo pálọ̀ àti yàrá méjì tí yóò rẹ́, Ṣóbọ̀wálé wọ agbádá léèsì àti bàtà onígìgísẹ̀ gíga. Ó ń ti orí òkìtì yanrìn kan bọ́ sí òmíràn bíi lékèélékèé.

Nùrẹ́nì wo agbádá, ó wo aago ọwọ́, ó wo bàtà. Kò wo ògiri pẹ́. Sìmẹ́ǹtì ti wà nílẹ̀, ó ní owó iṣẹ́ nìkan jẹ́ ọgọ́sàn-án náírà. Ṣóbọ̀wálé rẹ́rìn-ín bí olówó, ó ní kò burú.

Olúrẹ̀mí ìyàwó rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Igba náírà péré ló kù lọ́wọ́ wọn fún ilé rírẹ́, ilẹ̀kùn àti fèrèsé, onílé wọn ní Múṣin sì ti ní kí wọ́n kó jáde ní ìparí oṣù.

“Bàbá Títí, ṣé agbádá yìí la máa fi dí ẹnu ọ̀nà ni?”

Ó bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Bàbá Sàlàkọ́, àgbà bíríkìlà tó ti fẹ̀yìn tì sí Ìkọ̀tún. Bàbá kò tilẹ̀ bèèrè iye owó. Ó bèèrè iye ọjọ́ tí iṣẹ́ náà yóò gbà, àti iye ènìyàn tí yóò ṣe é. Ṣóbọ̀wálé ní òun kò bèèrè.

“Kí lo wá bèèrè, ọmọ mi?”

Ṣóbọ̀wálé ronú díẹ̀. Ó ní òun bèèrè bóyá Nùrẹ́nì ti rẹ́ ilé ńlá rí.

Bàbá ní ọjọ́ mẹ́fà ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, fún bíríkìlà kan àti lébírà kan. Bíríkìlà ń gba náírà mẹ́fà lóòjọ́, lébírà ń gba mẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mẹ́rìnléláàádọ́ta. Téèyàn bá fi díẹ̀ lé e fún irinṣẹ́ àti èrè, ó di bí ọgọ́ta.

Inú wá bí Ṣóbọ̀wálé. Ó ní ogún náírà lòun yóò fún Nùrẹ́nì báyìí, kó lè gbọ́n.

“Má dán an wò,” ni Bàbá wí. “Bó o bá san ogún fún iṣẹ́ ọgọ́ta, yanrìn ló máa pọ̀ lára ògiri rẹ. Sìmẹ́ǹtì á ti gba ibòmíràn lọ. Agbádá lo gbé síwájú rẹ̀, agbádá ló wọ̀n. Jẹ́ kó rí ògiri.”

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ẹ̀wù àtijọ́ ni Ṣóbọ̀wálé wọ̀ dúró ti ògiri. Ó bèèrè ọjọ́, ó bèèrè ènìyàn. Nùrẹ́nì na okùn, ó wọ̀n ọ́n fínnífínní, ó ní àádọ́rin. Wọ́n parí rẹ̀ sí márùndínláàádọ́rin, Olúrẹ̀mí sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí oṣù tó parí, ilẹ̀kùn ti wà nílé náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni agbádá wà, lórí ìṣó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé, tàbí tí ẹ ń tún un ṣe, ẹ ya owó iṣẹ́ kúrò lára owó ohun èlò. Ẹ bèèrè iye ọjọ́ àti iye ènìyàn, kí ẹ sì mọ ohun tí oníṣẹ́ ń gbà lóòjọ́ ládùúgbò yín. Ẹ bi ẹlòmíràn wò kí ẹ tó gbà. Ẹ má san gbogbo rẹ̀ tán kí iṣẹ́ tó parí. Ṣùgbọ́n ẹ má yan oníṣẹ́ jẹ o: ẹni tí ẹ bá rẹ́ jẹ, ògiri yín ni yóò ti gbẹ̀san.